Kí Ọmọ Tó Wọ Pápá Básíkẹ́ẹ̀tì: Ìbéèrè Kan Wà Tó Jẹ́ Pé Àwọn Àgbà Ilé Ló Mọ Ìdáhùn Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tẹ́ ẹ ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ní yunifásítì lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ó tún wá kan àwọn tí ọmọ tiwọn ga fíofío, tó sì fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tá a mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ọmọ yín sì ń sáré lórí pápá nílé níbí, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, kẹ́ ẹ wá ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ọkàn tó ń lù láyà ọmọ Los Angeles náà ló ń lù láyà ọmọ Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Keje, ọdún 2022, àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún University of Southern California, tí gbogbo èèyàn ń pè ní USC, ń gbára dì fún sáà tuntun nílùú Los Angeles. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sínú ẹgbẹ́ náà ni Vincent Iwuchukwu, ọmọ tó ga ju mítà méjì lọ, tí orúkọ rẹ̀ sì ti sọ fún wa pé Nàìjíríà ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Níbi tó ti ń ṣe ìdánrawò lọ́wọ́ ló ti ṣubú lulẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dédé dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí sáré sí i, wọ́n sì rí ẹ̀mí rẹ̀ gbà là.

Ọdún kan lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2023, nínú ẹgbẹ́ kan náà, nígbà ìgbáradì bákan náà, ọmọ mìíràn tún ṣubú. Bronny James lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún 18 ni nígbà yẹn. Ọmọ gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní LeBron James ni. Ọkàn tiẹ̀ náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tètè dóòlà ẹ̀mí rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn Cedars-Sinai, ó sì kúrò níbẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìdílé rẹ̀ ti sọ fún aráyé pé àléébù kan ni wọ́n bí i mọ́ nínú ọkàn.

Ẹ wò ó, ọmọ méjì nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, láàrin oṣù mẹ́tàlá. Kò sí èyí tó jẹ́ pé inú ìdíje ló ti ṣubú nínú àwọn méjèèjì. Ìgbáradì ni wọ́n wà, nígbà tí kò tíì sí òǹwòran, tí kò tíì sí ife-ẹ̀yẹ. Ìdí nìyẹn tá a fi ní ká sọ̀rọ̀ nípa àsìkò tó ṣáájú sáà, torí pé àsìkò yẹn gan-an ni òbí lè ṣe nǹkan.

BÍ WỌ́N ṢE Ń GBÁRA DÌ

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni sáà básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ló sì máa ń parí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn bá rí wọn lóṣù Kọkànlá, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù Kẹfà. Àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń pè ní NCAA, fàyè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí tí wọ́n sì lè fi ṣiṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ lọ́sẹ̀. Tó bá wá ku ọjọ́ 42 kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ìgbáradì gidi á bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè ṣe é tó ìgbà 30 kí sáà tó dé. Látìgbà yẹn lọ, wákàtí mẹ́rin ni ó pọ̀ jù lójúmọ́, ogún wákàtí lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan sì gbọ́dọ̀ wà tí ọmọ máa fi sinmi.

Eré sísá wà níbẹ̀, irin gbígbé wà níbẹ̀, fífò sókè àti yíyí padà bìrí wà níbẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, bóyá tó ti fi oṣù méjì sùn tó sì jẹun, á fẹ́ fi han akọ́nimọ̀ọ́gbá pé òun náà lágbára, kí wọ́n má baà ní ọ̀lẹ ni. Á sáré ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá rẹ̀ ẹ́, kò ní í sọ. Bí àyà bá ń dùn ún, á ní bóyá oúnjẹ àná ni. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn.

Kì í ṣe pé a fẹ́ kó jìnnìjìnnì bá yín o. Eré ìdárayá dáa fún ọkàn, àwọn tó ń ṣe é sì pọ̀ gan-an ju àwọn tí nǹkan ń ṣe lọ. Ìwádìí kan wà tó wo ikú àwọn eléré yunifásítì Amẹ́ríkà láti ọdún 2003 sí 2013. Tá a bá da gbogbo eléré pọ̀, ẹnì kan nínú nǹkan bí 53,700 ni ọkàn ń pa lójijì lọ́dún. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọkùnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ó jẹ́ ẹnì kan nínú nǹkan bí 9,000. Láàrin àwọn tó wà ní ìpele tó ga jù, ìyẹn Division I, ó jẹ́ ẹnì kan nínú nǹkan bí 5,200. Ìwádìí yẹn náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn ọmọ wa ló pọ̀ nínú eré yìí, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

ÀYẸ̀WÒ TÓ ṢÁÁJÚ BỌ́Ọ̀LÙ

Kí ọmọ tó lè ṣe ìdánrawò pẹ̀lú ẹgbẹ́ yunifásítì èyíkéyìí lábẹ́ NCAA, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà ti to nǹkan mẹ́rìnlá kalẹ̀ tí dókítà yóò wò. Méje jẹ́ ìbéèrè nípa ọmọ náà fúnra rẹ̀, mẹ́ta jẹ́ ìbéèrè nípa ìdílé rẹ̀, mẹ́rin tó kù ni dókítà yóò fi ọwọ́, ojú àti etí rẹ̀ wá.

Dókítà á fi ẹ̀rọ etí gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, á sì gbọ́ bóyá ariwo kan wà tí kò yẹ kó wà. Á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Á fọwọ́ kan ibi tí itan ti so mọ́ ara láti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń lọ síbẹ̀ dáadáa. Á sì wo bí ara ọmọ ṣe rí: gígùn apá rẹ̀, gígùn ìka rẹ̀, bí àyà rẹ̀ ṣe tẹ́ tàbí tó jìn sínú.

Ẹ má fojú di èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Marfan. Ẹni tó ní in máa ń ga, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á gùn, ìka rẹ̀ á tín-ín-rín, á sì gùn. Ẹ ò rí i pé ọmọ tí gbogbo èèyàn ń wò pé Ọlọ́run dìídì dá fún básíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn? Àmọ́ àìsàn yìí máa ń jẹ́ kí ògiri iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn fẹ́lẹ́, ó sì lè ya lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò retí. Isaiah Austin, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Baylor University ní Texas, ò mọ̀ pé òun ní in. Oṣù Kẹfà ọdún 2014, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá mú un, ni àyẹ̀wò tú àṣírí náà. Ó dùn ún, ó sunkún, wọ́n dá eré rẹ̀ dúró lákòókò yẹn. Ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń sọ pé ó dun òun.

ÌBÉÈRÈ NÍPA ÌDÍLÉ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ìbéèrè mẹ́ta tí dókítà ń béèrè nípa ìdílé nìyí.

Èkíní: Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ti kú lójijì rí kó tó pé ọmọ 50 ọdún, tó sì jẹ́ pé ọkàn ló fà á? Èkejì: Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó sún mọ́ ọ ní àìsàn ọkàn tó sọ ọ́ di aláìlè-ṣiṣẹ́ kó tó pé ọmọ 50 ọdún? Ẹ̀kẹta: Ǹjẹ́ wọ́n ti sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín rí pé iṣan ọkàn rẹ̀ ki jù tàbí pé ọkàn rẹ̀ tóbi jù, pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tàbí pé ó ní Marfan tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí?

Ọmọ ọdún 18 ni wọ́n ń bi léèrè o. Ó wà ní Texas tàbí Florida, ó jókòó síwájú dókítà, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló mọ̀? Ó mọ̀ pé àbúrò bàbá òun kan wà tí àwọn ò bá láyé. Wọ́n ní ó kú. Kí ló pa á? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó máa kọ "rárá" síbẹ̀, á sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Kì í ṣe pé ó purọ́, àwa la ò sọ fún un.

Ẹ sì mọ bá a ṣe máa ń ṣe nílẹ̀ wa. Bí ọ̀dọ́ bá kú lójijì, a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A ní òkú ọ̀fọ̀ ni, wọ́n tètè gbé e sin, àwọn òbí rẹ̀ kì í dé ibẹ̀, wọ́n sì máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má ṣe dárúkọ rẹ̀ mọ́ níwájú ìyá rẹ̀. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan á ní ó sùn, kò sì jí. Àwọn mìíràn á ní ṣe ló ń wẹ̀ lódò, tí odò gbé e lọ, bẹ́ẹ̀ òmùwẹ̀ gidi ni. Àwọn kan á ní ibi tó ti ń wa mọ́tò lọ ló ti ṣèèṣì yà wọ igbó, kò sì sí mọ́tò kankan níwájú rẹ̀.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni pa ìgbàgbọ́ rẹ̀ tì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé lójú dókítà, gbogbo ikú wọ̀nyí lè jẹ́ ẹyọ ìtàn kan ṣoṣo. Àìsàn ọkàn tí wọ́n ń jogún wà. Òmíràn máa ń jẹ́ kí iṣan ọkàn ki ju bó ṣe yẹ lọ. Òmíràn ò hàn lára ọkàn rárá, iná tó ń darí lílù ọkàn ló ń dàrú. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà tó jẹ́ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí lè gbà á, bí ẹni ń sọ owó ẹyọ sókè: ó lè bọ́ síwájú, ó lè bọ́ sẹ́yìn. Nítorí náà, ọmọ odò tó kú lọ́dún 1978 yẹn lè jẹ́ ìkìlọ̀ fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lónìí.

Ta ló wá mọ ìtàn yẹn? Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, kì í ṣe ọmọ náà. Ìyá àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nílé ló mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà tó mọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n sin sẹ́yìnkùlé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má rò pé ẹ ò já mọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lókè òkun. Ohun tó wà nínú yín, kò sí ẹ̀rọ tó lè yà á ní fọ́tò.

ẸNI TÓ KÙ KÓ MÁ FI PAMỌ́

Ìbéèrè méje tó kù, ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa dáhùn. Ṣé àyà máa ń dùn ọ́ tàbí kó fún ọ nígbà tó o bá ń sáré? Ṣé o ti dákú rí tàbí kí òòyì kọ́ ọ dé ibi tó o ti fẹ́ ṣubú, láìsí ìdí tó ṣe gúnmọ́? Ṣé èémí rẹ máa ń ká ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ lọ, tàbí kí ọkàn rẹ máa lù kìkì? Ṣé wọ́n ti sọ fún ọ rí pé ariwo wà nínú ọkàn rẹ? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ ti ru rí? Ṣé wọ́n ti ní kó o má ṣe eré ìdárayá rí? Ṣé dókítà kan ti ní kó o lọ ṣe àyẹ̀wò ọkàn rí?

Dídákú nígbà tí èèyàn ń sáré lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tá à ń fi omi tútù bomi rin, ká wá ní ó ti tán. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Hank Gathers. Nílùú Los Angeles kan náà ló ti gbá bọ́ọ̀lù, fún Loyola Marymount University. Ní sáà tó parí lọ́dún 1989, òun ló ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀ jù, òun náà ló sì mú bọ́ọ̀lù tó ta padà jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní ìpele rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989, ó ṣubú lórí pápá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, wọ́n sì fún un lóògùn. Nígbà tó yá, wọ́n dín ìwọ̀n oògùn náà kù, torí ó ń fà á sẹ́yìn nínú eré rẹ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 1990, ó fò sókè, ó ju bọ́ọ̀lù wọlé, ó sáré padà, ó sì ṣubú. Ọmọ ọdún 23 ni. Kò dìde mọ́.

Àwa náà rí irú rẹ̀ nílé. Àwọn tó ti dàgbà láàrin wa ò tíì gbàgbé ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, nígbà tí Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré National Stadium, ní Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Àǹgólà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Lọ́dún 2020, ọ̀rọ̀ ọkàn náà ni wọ́n ní ó pa Michael Ojo nílùú Belgrade, níbi tó ti ń ṣe ìdánrawò. Èkó ni wọ́n ti bí i, Florida State University ló ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ọdún 27 péré sì ni.

Ohun tó ń mú kí àwọn ọmọ fi àmì pamọ́ ni ìbẹ̀rù. Wọ́n ń bẹ̀rù pé wọ́n máa gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Àwọn òbí náà ń bẹ̀rù rẹ̀, torí wọ́n mọ iye tí ìwé kíkà jẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé òfin NCAA ò fàyè gba ilé ìwé láti fagi lé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tàbí láti dín in kù láàrin àkókò tí wọ́n ti bu ọwọ́ lù, nítorí pé ọmọ ṣàìsàn tàbí ó fara pa. Kí ọmọ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè: ṣé ọdún kan ni tàbí ọdún mẹ́rin? Bí wọ́n bá fún un ní ọdún mẹ́rin, ẹ̀rù ti dínkù. Bó bá sì jẹ́ pé ó máa pàdánù nǹkan kan náà, ẹ̀yin náà ẹ mọ èyí tó wọ́n jù nínú ìwé-ẹ̀rí àti ọmọ.

Ẹ̀JẸ̀ AS KÌ Í ṢE TI ÌGBÉYÀWÓ NÌKAN

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ ṣègbéyàwó la máa ń béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tó ní. Ṣé AA ni, ṣé AS ni? A ò fẹ́ bí ọmọ tó ní fònìkú-fọ̀ladìde. Èyí dáa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin nílẹ̀ wa ló jẹ́ AS, ọ̀pọ̀ sì ń gbé ìgbé ayé wọn láìsí wàhálà kankan.

Àmọ́ nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí ò mọ̀. Bí ẹni tó jẹ́ AS bá ń sáré àsápajúdé léraléra láìsinmi, pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbáradì, nínú ooru, tí omi ò sì tó lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọdọrọ bíi ti ẹni tó jẹ́ SS. Ẹran ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lè la ẹ̀mí lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Dale Lloyd nìyẹn lọ́dún 2006. Ọmọ ọdún 19 ni, ó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Rice University ní Texas, kò sì mọ̀ pé AS lòun. Ikú rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí NCAA bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn eléré Division I láti ọdún 2010.

AS ò ní kí ọmọ má gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó ní ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa jẹ́ kó sinmi láàrin eré kan sí èkejì, kó máa mu omi, kó sì dá eré dúró lójú ẹsẹ̀ bí itan tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún tàbí tí agbára bá tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò bá mọ̀, á rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹ jẹ́ kó mọ̀.

BÍ Ó BÁ ṢUBÚ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: àyẹ̀wò ò lè rí gbogbo nǹkan. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ibi tí wọ́n ti ń gbára dì ní ètò fún ìjàǹbá. Nǹkan méjì ló ń gba ẹ̀mí là nígbà tí ọkàn bá dáṣẹ́ sílẹ̀: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà ẹni náà kíákíá, àti ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní AED, tó máa ń fi iná mọ̀nàmọ́ná dá ọkàn padà sí bó ṣe ń lù. Ẹ̀rọ náà máa ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún ẹni tó mú un lọ́wọ́ ohun tó kàn. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìṣe nǹkan kan, ìrètí pé ẹni náà yóò yè ń dín kù ní nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

Nílé níbí, ọ̀pọ̀ pápá ni kò ní ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ní ọwọ́ méjì. Bí ọmọ bá ṣubú lójijì láìsí ẹni tó kọ lù ú, tí kò dáhùn, tí kò mí dáadáa, ẹ gbà pé ọkàn ni. Ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, ó sì lè máa mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má rò pé wárápá ni, kẹ́ ẹ wá máa wá ṣíbí tẹ́ ẹ máa kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ má fi ata sí i lójú. Kí ẹnì kan pe 112. Kí ẹnì kejì kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ kan lé èkejì sí àárín àyà ọmọ náà, kó tẹ̀ ẹ́ wọlé tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà márùn-ún, kó jẹ́ kó padà sókè, kó sì tún tẹ̀ ẹ́. Kó yára: ìgbà 100 sí 120 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bó bá rẹ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíì gbà á. Ẹ má dúró títí ìrànlọ́wọ́ fi máa dé.

OHUN TÍ ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Kí oṣù Kẹfà tó dé, tàbí kí ọmọ tó padà sílé ìwé, ẹ jókòó. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ àwọn òbí, àwọn òbí àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìhà méjèèjì, ti ìyá àti ti bàbá. Ẹni tó bá ti kú, ẹ kọ iye ọdún rẹ̀ nígbà náà àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ má kọ "ikú ayé" nìkan. Ẹ kọ "ó ń sáré", "ó ń wẹ̀", "ó sùn", "ó ṣubú lọ́jà". Bó bá ṣòro fún yín láti sọ níwájú gbogbo èèyàn, ẹ pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀, tàbí kẹ́ ẹ pè é lórí fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá AS ni. Ẹ ní kí dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Bí ìtàn ìdílé bá fa ìfura, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ECG tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà. Kò dunni, kò gba àkókò, ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi sì máa ń ṣe é. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ: níbo lẹ gbé ẹ̀rọ AED sí, ta ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó? Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn kì í ṣe ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọkàn rẹ̀ ṣe, Bronny James padà sórí pápá, USC sì ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Long Beach State. Ìṣẹ́jú 16 ló fi gbá a, òǹkà mẹ́rin ló gbà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, òun àti bàbá rẹ̀ jọ wọ pápá nínú ẹgbẹ́ Lakers, irú rẹ̀ tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdíje NBA. Vincent Iwuchukwu náà ti padà sórí pápá láti oṣù Kínní ọdún 2023. Àwọn méjèèjì wà láàyè torí pé ẹnì kan mọ ohun tó yẹ kó ṣe, ó sì ṣe é lásìkò.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ti fi pamọ́ láti ọdún yìí wá, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀.